Ẹni Tí Kò Ní Ìdodo

Aago méjì òru, Alágbàká, iná ti lọ.
Mo tan àtùpà, mo ṣí fáìlì náà lẹ́ẹ̀kẹrin.
Ọṣẹ mẹ́ta wà nínú ọ̀rá lórí tábìlì mi,
akọ̀wé kóòtù ti so nọ́ńbà mọ́ wọn bí òkú.
Yàrá mi ń rùn bí ẹ̀yìnkùlé ìyá mi.

Akínsìkù, ọmọ Oǹdó, ló ní òun kọ́kọ́ ṣe é:
ó sun èèpo kòkó, ó fi omi sẹ́ eérú rẹ̀,
ó jó ìkarahun ìgbín títí ó fi funfun bí ẹfun,
ó gún un, ó dà á sínú omi eérú,
ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì
kó tó gbé àdín kaná.
Ìjọba fún un níwèé pé tirẹ̀ ni fún ogún ọdún.
Iléeṣẹ́ tó ń bá a jẹ́jọ́ ní: "Kí ló dá sílẹ̀ níbẹ̀?
Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ohun tó hàn gbangba bí ọ̀sán!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlọ́runṣọlá dúró nínú àpótí ẹlẹ́rìí,
gíláàsì lójú, ìwé àtijọ́ lọ́wọ́:
"Ẹfun jíjó a máa jẹ́ kí omi eérú mú sí i, Olúwa mi.
Ojú ewé kọkànlélọ́gọ́rin. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni."
Mo mi orí. Ó dùn létí.
Mo tilẹ̀ rò pé èmi náà ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀,
èmi tí n kò jó ìkarahun kankan rí láyé mi.

Ibẹ̀ lẹ̀rù ti bà mí.
Nígbà èwe wa, bí wọ́n bá ti já àlọ́ àpamọ̀ tán,
àbúrò mi a fò sókè: "Mo ti fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀!"
Ìyá wa a ní: "Kí ló wá dì ọ́ lẹ́nu?"
Ọmọ náà kò purọ́ o.
Ìdáhùn ló máa ń pa ipa ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rẹ́.

Òfin ní kí n má fi ọgbọ́n tèmi wọ̀n ọ́n,
kí n má sì fi ti ọ̀jọ̀gbọ́n.
Ó ní kí n pe ẹnì kan tí ìyá kankan kò bí,
tí kò ní ìdodo,
tó mọ iṣẹ́ ọṣẹ dunjú, tó ti ka gbogbo ìwé ayé,
àmọ́ tí kì í lá àlá.
Mo gbé àga fún un. Ó jókòó.
Mo bi í: "Ìwé wà nínú àpótí. Ìkarahun wà lórí ààtàn.
Kí ni ì bá tì ọ́ tí o fi máa gbé èkínní bá èkejì?"
Kò fèsì. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Mo wá rántí Ìyá Jọláadé ti Odòjọmù,
ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin,
tí kò jẹ́ kí lọ́yà parí ìbéèrè:
"Ìgbín? A jẹ ẹ́, a da ilé rẹ̀ nù.
Lójoojúmọ́ òjò lọṣẹ wa ń sunkún, kì í dì.
Àádọ́ta ọdún ni mo fi wá ohun tó ń ṣe é.
Bó bá hàn, ṣé ojú mi fọ́ ni?"
Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Àmọ́ ìwọ náà, Akínsìkù, rọra.
Ohun kẹrin tí o ní ó jẹ́ tìrẹ,
pé kí omi gbóná kọjá ọgọ́ta, kó má dé àádọ́rin,
ìyẹn ò ju kí obìnrin ti ìka bọ omi,
kó ní "ó kù díẹ̀," kó tún koná mọ́ ọn.
Ẹni tí kò lálàá á ṣe é kí ọ̀sán tó pọ́n.
Mo fa ìlà pa á.
Ìkarahun dúró.

Ẹ̀ẹ́fín àtùpà ti dú mi lọ́wọ́.
Ọṣẹ mẹ́ta ń wò mí, ẹ̀rí ni wọ́n, n ò gbọdọ̀ kàn wọ́n.
Mo nu ọwọ́ mi mọ́ ìró.
Àlejò mi ṣì wà lórí àga.
Mo ní kó máa lọ sílé.
Ó ní òun ò nílé.